Jíjẹrà Kì í Ṣe Rírún Wẹ́wẹ́: Àbá Lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìdì Ohun Ìṣaralóge àti Àyíká

1.0 Ìfáàrà

Àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin àgbàlagbà kan tí ń se ọṣẹ dúdú, tí ó sì ń po òrí mọ́ àdín fún ìpara ní Adó-Èkìtì, mú ọ̀rá kan tọ̀ mí wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ púpọ̀ láti máa fi di ọṣẹ rẹ̀ fún títà ni, ó sì fẹ́ kí n bá òun sọ ohun tí a kọ sí i lára di Yorùbá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀ ni degradable. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi kọ ọ́ pé: 'Ọ̀rá yìí a máa jẹrà.'

Obìnrin náà gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n ri ọ̀rá náà mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ti lo ọṣẹ inú rẹ̀ tán. Òun pàápàá ń ri tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé níbi tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, ó bu erùpẹ̀ ibẹ̀ sínú abọ́, ó gbé e wá bá mi. Lóòótọ́, ọ̀rá náà kò sí ní odindi mọ́, ṣùgbọ́n èérún rẹ̀ kún inú erùpẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Ó ní, 'Tíṣà, ṣé jíjẹrà tí ẹ kọ fún mi nìyí? Bí ewé bá jẹrà, ṣé a tún máa ń rí i?' Mo ní, 'Màmá, ẹ má bínú.' N kò rí èsì mìíràn fọ̀.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lára ọ̀rá náà sọ pé kì yóò wà títí bí ó ti wà; kò sọ pé kòkòrò inú ilẹ̀ yóò jẹ ẹ́ tán. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tó láti ya àwọn èrò wọ̀nyí sọ́tọ̀ láìní tàsé, àti pé bí olùtumọ̀ bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn, irọ́ ni yóò máa bá olùtajà pa láìmọ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn aṣáájú wa ti ṣe lórí èdè-ìperí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì rẹ̀ tí ó jáde ní 1990, dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ṣáájú èyí, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni kí a máa tẹ̀ lé ìlànà wọn dé àwọn ẹ̀ka tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Ọ̀rọ̀ àyíká jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

2.0 Ohun Ìdì àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Wọn Láyé Àtijọ́

Kí a tó dá ọ̀rọ̀ titun sílẹ̀, ó yẹ kí a mọ èyí tí ó wà nílẹ̀. Kí ike tó dé, oríṣìí ohun ìdì mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ fún ohun ìṣaralóge nílẹ̀ Yorùbá: ewé, akèrègbè tàbí igbá, àti ìkòkò amọ̀. Ewé, pàápàá ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ni a fi ń di ọṣẹ dúdú. Inú igbá ni òrí ń gbé. Igbá yìí ni àwọn àgbà Adó ń pè ní ugbá, nítorí pé ẹ̀ka-èdè Èkìtì gba fáwẹ̀lì /u/ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà. Ìkòkò àti ìṣà kò sì jìnnà sí wa. Àwọn obìnrin Ìsàn-Èkìtì jẹ́ ògbóǹtagí nínú mímọ wọ́n.

Àdó, èyí tí í ṣe akèrègbè kékeré, ni a ń da ohun tí kò pọ̀ sí. Kí òǹkàwé má ṣe ṣi àdó yìí mú fún Adó tí í ṣe orúkọ ìlú wa. Ohùn ni ó yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó wà nínú àdó olóró, tí a fi ń pe ohun ìjà tí ń bú gbàmù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kò yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fẹ ìtumọ̀ ohun ìdì kan lójú ni. A ó tún padà sí ọgbọ́n yìí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń yàtọ̀ bí ohun ìdì bá ti yàtọ̀:

(i) A ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé.
(ii) A ń di ọṣẹ.
(iii) A ń bu òrí sínú igbá.
(iv) A ń rọ àdín sínú ìgò.
(v) A ń dé orí ìkòkò, ṣùgbọ́n a ń dí ẹnu ìgò.

Èdè tí ó ya dé sọ́tọ̀ kúrò lára dí kì í ṣe èdè tí ó tòṣì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ara dí ni a ti rí èdídí, tí ó yẹ kí a lò fún ohun tí ó fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ọjà wò.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a padà sí ayé àtijọ́. Ewé a máa gbẹ, a sì máa ya. Igbá a máa fa òróró mu. Ọṣẹ dúdú, tí a fi eérú èèpo kòkó tàbí irú rẹ̀ sè pọ̀ mọ́ àdín, a máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, a sì máa rọ̀ bí a bá fi í sílẹ̀ láìbò. Eérú inú rẹ̀ sì ní agbára tí ó lè jẹ agolo alumíníọ̀mù. Òrí ní tirẹ̀ kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, nítorí òórùn rẹ̀ yóò yí padà. Ìdí tí ike fi gbilẹ̀ nìyí: kì í jẹ́ kí omi wọlé, ó fúyẹ́, kì í sì í tètè fọ́.

3.0 Ọ̀rọ̀ fún Ohun Ìdì Òde Òní

Ìlú ti fún àwọn ohun ìdì titun lórúkọ kí àwa onímọ̀ èdè tó jí: ike, ọ̀rá, láílọ́ọ̀nù, rọ́bà, ìgò, agolo, páálí. Mo fara mọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì nínú wọn gba àkíyèsí.

Èkíní ni ọ̀rá. Ọ̀rá tí ó wà lára ẹran ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Dídán tí àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ń dán àti bí ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́ ni ó jọ pé ó mú kí a pè é bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kò sí ìdàrúdàpọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ohun ìṣaralóge ni ewu wà, nítorí pé ọ̀rá gan-an wà lára ohun tí a fi ń ṣe ìpara. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé 'ọ̀rá inú ìpara yìí dára fún ara' lè mú kí òǹkàwé ronú kan àpò. Àbá mi ni pé nínú ìwé ìmọ̀, kí a máa pe àpò náà ní àpò ọ̀rá, kí a sì fi ọ̀rá nìkan sílẹ̀ fún ohun tí ó wà lára ẹran àti irúgbìn.

Èkejì ni ike. Orúkọ kan ni, ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ ni ó ń pè. Ní 1988, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ike ní Amẹ́ríkà gbé àmì onígun mẹ́ta jáde pẹ̀lú nọ́ńbà 1 títí dé 7 láti fi ya irú ike kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Nọ́ńbà 1 ni a sábà máa ń rí lábẹ́ ìgò ike tí ń tàn yanran. Nọ́ńbà 2 lábẹ́ ìgò tí kò mọ́lẹ̀ gaara. Nọ́ńbà 5 lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ike ìpara àti ìdérí wọn. Irú ike ni nọ́ńbà náà ń sọ. Kò ṣèlérí ohunkóhun nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí a bá lò ó tán. Nítorí náà, kí olùkọ́ máa pè é ní nọ́ńbà irú-ike, kí ó má sì pè é ní àmì àyíká.

Fún gbogbo ohun tí a fi ń di ọjà lápapọ̀, mo dábàá ìdì-ọjà. Bí a bá pa fáwẹ̀lì rẹ̀ jẹ, ìdọjà tàbí ìdìjà ni yóò dà, èkejì yóò sì mú ọkàn lọ sí ìjà. Èyí ni mo ṣe ní kí a kọ ọ́ láìsí ìpajẹ. Èyí tí ó kan ọjà lára ni ìdì inú. Èyí tí ó wà lórí rẹ̀, bíi páálí, ni ìdì òde.

4.0 Ọ̀rọ̀ Agbóòrùn: Arotàyíká

Ní ti èrò gbogbogbòò tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní eco-friendly, àwọn kan ti dábàá ọ̀rẹ́ àyíká, àwọn mìíràn àìbàyíkájẹ́. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìtumọ̀ olówuuru. Ohun tí kò ní ẹ̀mí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́. Èkejì dá ṣáká ní ti gírámà, ṣùgbọ́n ó sọ ju ohun tí ó jẹ́ òótọ́ lọ. Àfòmọ́ àì- a máa sọ pé ohun kan kò sí rárá. Kò sí ìdì-ọjà tí kì í ba nǹkan kan jẹ́: ìgò gba iná púpọ̀ kí ó tó yọ́, páálí gba igi àti omi, ewé pàápàá ni a ń já nínú igbó.

Mo dábàá arotàyíká, láti inú àpólà-ìṣe ro ti àyíká. Yorùbá a máa sọ fún onímọ̀-tara-ẹni-nìkan pé kí ó ro ti ẹnì kejì. Ẹni tí ó ro ti ẹnì kejì lè má tíì ṣe é lóore. Èrò rẹ̀ ni a sọ, a kò sọ àbáyọrí rẹ̀. Àǹfààní ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Bí olùtajà bá sọ pé ìdì òun jẹ́ arotàyíká, ìbéèrè tí ó kàn ni: ọ̀nà wo ni ó gbà ro ti àyíká? Ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò nísàlẹ̀ yìí.

5.0 Ìyàsọ́tọ̀ Àwọn Èrò

5.1 Ajẹrà àti arúnwẹ́wẹ́

Bí a bá tú jẹrà palẹ̀, a ó rí jẹ àti rà nínú rẹ̀. Ohun tí ó bá jẹrà, nǹkan kan ni ó jẹ ẹ́. Èyí bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu gẹ́lẹ́: àwọn kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n ń jẹ ewé tí ó bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di omi, gáàsì àti oúnjẹ ilẹ̀. Nítorí náà, ajẹrà bá biodegradable mu, kò sì gbọdọ̀ bá ohun mìíràn mu.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rá obìnrin ọlọ́ṣẹ. Àwọn kan a máa po èròjà mọ́ ike kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè tètè já a sí kékeré. Ike náà kò lọ síbì kan. Ó di púpọ̀ ni. Yorùbá kò pe èyí ní jíjẹrà rí. Bí àkàrà gbígbẹ bá di èérún, a ń sọ pé ó rún ni. Irú ike bẹ́ẹ̀ ni mo pè ní arúnwẹ́wẹ́, ohun tí ó sì kù lẹ́yìn rẹ̀ ni èérún ike. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn onígírámà lásán. Ní 2019 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin tí ó ka irú ike bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní ọjà, ìkàléèwọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù keje 2021. Bí a bá fi jẹrà túmọ̀ méjèèjì, a kò ní lè sọ òfin yìí lédè Yorùbá: ohun tí a ní kí wọ́n máa lò àti ohun tí a ní kí wọ́n má lò yóò máa jẹ́ orúkọ kan náà.

5.2 Adajílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ajẹrà ni ó ń tètè jẹrà níbi gbogbo. Ìtì igi ń jẹrà, ṣùgbọ́n ọdún gọboi ni ó ń gbà. Ohun tí ó bá jẹrà láàárín àkókò tí a dá, tí ó sì di ajílẹ̀ tí kò pa irúgbìn lára, ni mo pè ní adajílẹ̀, láti inú di ajílẹ̀. Òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní compostable. Òṣùwọ̀n EN 13432 tí wọ́n gbé jáde ní Yúróòpù ní 2000 fi gbèdéke sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 nínú ebè ajílẹ̀, bí a bá fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 2 sẹ́ ẹ, ohun tí ó ṣẹ́kù nínú asẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Láàárín oṣù 6, ó kéré tán, ìdá 90 nínú 100 kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti di irú gáàsì tí à ń mí síta. Ìdánwò àkọ́kọ́ ń wo bóyá ó rún. Èkejì ń wo bóyá a jẹ ẹ́. Àwọn tí ó ṣe òṣùwọ̀n náà mọ̀ pé ọ̀kan kò tó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ike tí a fi ṣúgà inú àgbàdo ṣe, tí a ń pè ní PLA, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìdì ìpara lónìí. A máa di ajílẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ tí ooru inú ebè rẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì 58. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí, a sì lè bá a níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a sọ ibi tí yóò ti dajílẹ̀: adajílẹ̀ ààtàn fún èyí tí ilé ẹni tó fún, adajílẹ̀ ilé-iṣẹ́ fún irú ike àgbàdo yìí.

5.3 Onípìlẹ̀-ewéko

Ọ̀rọ̀ yìí, tí ó dúró fún bio-based, ń sọ ibi tí ohun ìdì ti wá. Kò sọ ibi tí ó ń lọ. Láti 2010 ni ilé-iṣẹ́ Braskem ti ń fi ìrèké ṣe ike ní Brazil. Ike náà kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí a fi epo rọ̀bì ṣe, kì í sì í jẹrà. Onípìlẹ̀-ewéko ni, kì í ṣe ajẹrà. Kí olùkọ́ fi àpẹẹrẹ yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ohun tí ó rọrùn jù láti gbàgbọ́ ni pé ohun tí ó ti inú oko wá yóò padà sí oko.

5.4 Aṣeésọdọ̀tun àti àsọdọ̀tun

Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Àtúnlò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe recycling. Ṣùgbọ́n kí a tún nǹkan lò ni kí a lò ó bí ó ti wà. Bí àwọn Masaga ní Bídà ṣe ń yọ́ ìgò láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, wọn kò tún ìgò lò. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀tun ni. Ewu wà nínú àpapọ̀ yìí. Ìpara tí a fi ń na irun a máa ní sódà líle nínú. Bí a bá kọ ọ́ sí ara ike rẹ̀ pé aṣeétúnlò ni, nígbà tí ohun tí a ní lọ́kàn ni pé a lè yọ́ ọ, ẹnì kan lè bu iyọ̀ ọbẹ̀ sínú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ronú àtúnrọ, nítorí pé alágbẹ̀dẹ a máa kó ògbólógbòó ọkọ́, a sì rọ ọ́ di àdá. Mo yí ọkàn padà nígbà tí mo rántí àpẹẹrẹ (iv) lókè yìí: rọ tí a fi ń sọ̀rọ̀ òróró àti ìgò ní ohùn kan náà pẹ̀lú rọ ti alágbẹ̀dẹ. Nínú ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó kún fún ìgò àti òróró, àtúnrọ yóò máa ní ìtumọ̀ méjì. Mo wá yan sọ di ọ̀tun.

Àfòmọ́ ni yóò parí iṣẹ́ náà. Àwọn onígírámà ti fún wa ní ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà àti aláìṣeékà. Aṣeé- ń sọ ohun tí ó ṣeé ṣe. Nítorí náà, aṣeésọdọ̀tun ni recyclable, èyí tí a lè sọ di ọ̀tun. Àsọdọ̀tun ni recycled, èyí tí a ti sọ di ọ̀tun. Ìdérí tí a fi ń fọ́n ìpara jáde, tí ó ní irin wínníwínní nínú ike rẹ̀, lè ní àsọdọ̀tun ike lára kí ó má sì jẹ́ aṣeésọdọ̀tun, nítorí pé ó ṣòro láti ya irin àti ike rẹ̀ nípa.

5.5 Aṣeétúnlò àti aṣeétúnrọ

Ohun tí a kọ̀ sílẹ̀ ní 5.4 wúlò níbí. Ìdì-ọjà tí a ṣe kí a lè máa padà rọ ọjà kan náà sínú rẹ̀ ni aṣeétúnrọ, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní refillable. Orúkọ rẹ̀ ni ó jẹ́ titun. Ẹni tí ó bá ti gbé ìgò òfìfo lọ sí Ọjà Ọba ní Adó láti lọ ra àdín mọ ohun tí a ń sọ. Aṣeétúnlò gbòòrò jù ú lọ. Ó kan ohun tí a lè lò fún iṣẹ́ mìíràn láìséwu. Òdì-kejì rẹ̀ ni aláìṣeétúnlò, bí irú ike funfun fífúyẹ́ tí a ń bu oúnjẹ sí, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dè ní oṣù kìn-ín-ní 2024.

6.0 Àkójọ Àwọn Ọ̀rọ̀ tí a Dábàá

ìdì-ọjà: ohun tí a fi di ọjà, ìdì inú, ìdì òde.
arotàyíká: èyí tí a ṣe pẹ̀lú èrò àyíká lọ́kàn, kò tó láti dá lò.
ajẹrà: èyí tí kòkòrò àìfojúrí lè jẹ tán.
arúnwẹ́wẹ́: èyí tí ń já sí kékeré láìjẹrà.
èérún ike: ike wínníwínní tí ó ṣẹ́kù nínú ilẹ̀ tàbí omi.
adajílẹ̀: ajẹrà tí ń di ajílẹ̀ láàárín àkókò tí a dá, ti ààtàn, ti ilé-iṣẹ́.
onípìlẹ̀-ewéko: èyí tí a fi irúgbìn ṣe, ìbáà jẹrà, ìbáà má jẹrà.
aṣeésọdọ̀tun: èyí tí a lè sọ di ọ̀tun.
àsọdọ̀tun: èyí tí a ti sọ di ọ̀tun.
aṣeétúnlò: èyí tí a lè tún lò bí ó ti wà.
aṣeétúnrọ: èyí tí a lè tún rọ ọjà kan náà sí.

7.0 Ìkádìí

Ẹnì kan lè sọ pé ìlú ni ó ni èdè, àti pé bí rédíò bá ti ń pè é ní àtúnlò, ó parí. Òótọ́ ni pé ìlú ni ó ni èdè. Ṣùgbọ́n ìlú náà ni ó ti ya jẹrà sọ́tọ̀ kúrò lára rún kí a tó bí wa. Obìnrin tí ó gbé erùpẹ̀ wá bá mi kò ka ìwé òṣùwọ̀n kankan. Èdè abínibí rẹ̀ ni ó fi mọ̀ pé ohun tí mo kọ kì í ṣe òótọ́. Ìmọ̀ràn mi fún olùkọ́ àti olùtumọ̀ kò ju èyí lọ: kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kan sí ara ọjà, kí a bi ara wa léèrè ohun tí ẹni tí yóò kà á yóò lọ fi ohun náà ṣe.

Mo tún àkọlé náà kọ fún un. Ohun tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí ni: 'Arúnwẹ́wẹ́ ni àpò ọ̀rá yìí. Kì í jẹrà. Ẹ má ṣe rì í mọ́lẹ̀.' Ó kà á, ó ní òun kò ní lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ta ọṣẹ. Nígbà tí èyí tí ó rà tẹ́lẹ̀ tán, kò rà á mọ́. Bébà ni ó fi ń di ọṣẹ rẹ̀ báyìí, ó sì fi ewé eéran tẹ́ inú rẹ̀.